Kéèkì Ìgbéyàwó: Àlejò Tó Di Onílé ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lóde òní tí a kò dárúkọ kéèkì, ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò tíì pé. Bàbá ìyàwó lè jẹ gbèsè ra màlúù, àwọn ọ̀rẹ́ lè dá aṣọ ẹbí oríṣi mẹ́ta, àmọ́ bí wọn kò bá gbé kéèkì síwájú ọkọ àti ìyàwó, àwọn èèyàn á máa wo ojú ara wọn. Ṣebí ẹ̀yin náà ti wà níbẹ̀ rí. Alága á ní kí gbogbo ilé máa ka lẹ́tà orúkọ Jésù lọ́kọ̀ọ̀kan: J, E, S, U, S! Bí wọ́n bá ti dé orí S ìkẹyìn, ọ̀bẹ á wọlé, ayàwòrán á máa tàn wọ́n lójú, ọkọ á fi sí ìyàwó lẹ́nu, ìyàwó á fi sí ọkọ lẹ́nu. Ó parí. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni. Ta ló ń bèèrè iye òru tí ẹnì kan fi ṣe àìsùn nítorí ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn?

Lóṣù yìí, mo fẹ́ kí a jọ wo ibi tí kéèkì ti wá, bó ṣe rìn dé Òkìtìpupa, àti ohun tí ojú àwọn obìnrin tó ń ṣe é ń rí.

Kí kéèkì tó dé

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn baba wa kò mọ adùn níbi ìgbéyàwó. Ẹ wo ẹrù ìdána títí di òní: oyin wà níbẹ̀, ìrèké wà níbẹ̀, àádùn tí a fi àgbàdo yíyan àti epo pupa pò wà níbẹ̀, pẹ̀lú obì, orógbó, ataare àti iyọ̀. Wọ́n á fi oyin kan ìyàwó lẹ́nu, wọ́n á ní kí ilé ọkọ dùn fún un bí oyin. Iṣẹ́ tí kéèkì ń ṣe lónìí kọ́ nìyẹn? Ó wá bá ẹni tó ti wà lórí àga ni.

Láti ààfin dé Èkó

Ní ọjọ́ 10 oṣù Fẹ́búárì ọdún 1840 ni Ọbabìnrin Fikitóríà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ Albert ọkọ rẹ̀. Kéèkì ọjọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wọn ọ̀ọ́dúnrún pọ́n-ùn. Ìyẹn ń lọ sí àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta lóde òní! Ṣúgà funfun ni wọ́n fi bò ó. Ní ayé ìgbà náà, ṣúgà tó funfun báláú wọ́n gan-an, nítorí náà bí kéèkì ẹni bá ṣe funfun tó ni àwọn èèyàn fi ń mọ bí ọwọ́ ẹni ṣe tó. Ibẹ̀ ni orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe áísìn líle yẹn, èyí tó túmọ̀ sí ti ọba, ti gbilẹ̀. Nígbà ìgbéyàwó Leopold, ọmọ ọbabìnrin yìí, ní 1882, àwọn oníṣẹ́ ti rí ọgbọ́n dá láti to kéèkì gidi léra. Ṣáájú ìgbà náà, ṣúgà lásán ni wọ́n fi ń mọ ilé orí rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò lè jẹ.

Báwo ni nǹkan ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe wá kàn wá? Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ Yorùbá kan. Sarah Forbes Bonetta, ọmọ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò tí ogun Dahomey kó lẹ́rú, tí ọgágun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan gbà sílẹ̀, di ẹni tí Fikitóríà fúnra rẹ̀ ń tọ́jú. Ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì 1862, ó fẹ́ James Davies, oníṣòwò ọmọ Sàró, ní ìlú Brighton, wọ́n sì wá gbé l'Ékòó. Irú àwọn Sàró bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àwọn Àgùdà tó ti Bràsíìlì dé, ló gbé aṣọ ìyàwó funfun, òrùka àti àsè aláwo tánganran wọ̀lú. Nígbà tí òfin ìgbéyàwó 1884 fìdí múlẹ̀ l'Ékòó, ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì di àmì ọ̀làjú, kéèkì náà sì bá a rìn.

Àmọ́ kéèkì kò lè di ti gbogbo ayé bí fúláwà kò bá di ti gbogbo ayé. Ọmọ Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní 1913, dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ l'Ékòó ní 1921, ó sì sọ búrẹ́dì di oúnjẹ òpópónà. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́n ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní aṣọ rírán àti kéèkì ṣíṣe. Bí wọ́n ṣe di olùkọ́ àti ìyàwó pásítọ̀, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà ń bá wọn wọ inú igbó. Ní 1962, iléeṣẹ́ Flour Mills bẹ̀rẹ̀ sí í lọ àlìkámà ní Àpápá. Nígbà tí owó Údójì wá bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní 1975, àríyá gba ìlú kan.

Ọ̀sẹ̀ kan ní ilé ìdáná

Iṣẹ́ yìí ní ìgbà tirẹ̀. Ìjọ Áńgílíkà àti Ìjọ Kátólíìkì kì í sábà so ọkọ àti ìyàwó pọ̀ nígbà Lẹ́ńtì, ọjà á sì dá wáí. Bí Àjíǹde bá ti kọjá, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n Nofẹ́ńbà àti Desẹ́ńbà ni òjò iṣẹ́ ń rọ̀, nígbà tí àwọn ọmọ Ìkálẹ̀ tó wà l'Ékòó àti lókè òkun bá ń wálé ọdún.

Mo jókòó ti ọ̀kan nínú àwọn oníkéèkì Òkìtìpupa fún ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù Desẹ́ńbà. N kò ní dárúkọ wọn. Màmá ni mo ń pè wọ́n, ẹ jẹ́ kó mọ bẹ́ẹ̀. Kéèkì mẹ́rin ló wà níwájú wọn fún Sátidé kan ṣoṣo. Ó ti lé ní oṣù kan tí wọ́n ti rẹ èso àjàrà gbígbẹ sínú bíràńdì. Lọ́jọ́ Ajé, ọjà ni. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ń fọ́ ẹyin lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ife kí wọ́n tó dà á sínú ọpọ́n, torí ẹyin kan tó bàjẹ́ lè ba ọgọ́ta jẹ́. Wọ́n ní míksà, àmọ́ iná mọ̀nàmọ́ná lọ láàárọ̀, kò sì dé títí ilẹ̀ fi ṣú. Ni Màmá bá ká ọwọ́ aṣọ, wọ́n mú ṣíbí onígi, wọ́n ń po bọ́tà àti ṣúgà títí ó fi funfun. Wọ́n ní bí àwọn ṣe kọ́ ọ nìyẹn kó tó di pé míksà dé. Nígbà náà, ìkòkò irin tí wọ́n da iyanrìn sí nísàlẹ̀ ni ààrò wọn, ẹyin iná lókè, ẹyin iná nísàlẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n ń yan án. Igi ìgbálẹ̀ kan ni wọ́n fi ń gún un wò: bó bá jáde láìní nǹkan lára, ó ti jinná. Ọjọ́ Ẹtì ni áísìn: funfun ẹyin, ṣúgà lúbúlúbú àti omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹsẹ̀ tábìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú agolo omi, kí èèrà má baà bá wọn jẹ ìgbéyàwó ṣáájú àlejò. Òru yẹn, n kò rí wọn kí wọ́n sùn. Sátidé, kí ilẹ̀ tó mọ́, a gbé wọn sínú mọ́tò ní ìpele-ìpele, torí bí èèyàn bá to kéèkì léra kó tó kọjá kòtò ojú ọ̀nà, ìyẹn ti bàjẹ́. Ọ̀kan lọ sí Òde-Ìrèlè. Òmíràn lọ sí Igbókọ̀dá, níbi tó ti máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá àwọn Ìlàjẹ.

Ibi tí bàtà ti ń ta

Lẹ́yìn gbogbo èyí, èrè ńkọ́? Ẹni tó san àsansílẹ̀ ní oṣù Ọ̀kítóbà, owó Ọ̀kítóbà ló san. Nígbà tó bá di Desẹ́ńbà, fúláwà ti gun òkè. Ọ̀rọ̀ Màmá kì í yí padà, àwọn ló ń fi orí gbé e. Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Ní January 1987, ìjọba Babangida fòfin de kíkó àlìkámà wọlé. Fúláwà di ohun tí wọ́n ń yọ́ gbé gba ẹnubodè, títí wọ́n fi mú òfin náà kúrò ní 1992. Ní oṣù Júùnù 2023, wọ́n fi náírà sílẹ̀ kó máa fò: dọ́là tó jẹ́ nǹkan bí ₦470 lé ní ₦1,400 kó tó pé ọdún. Kí ni dọ́là fẹ́ wá ṣe nínú ilé ìdáná ní Òkìtìpupa? Àlìkámà òkèèrè ni, ẹ̀yin èèyàn mi.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti bọ́tà. Mo gbé ike Simas tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, mo kà á: Indonesia! Epo ọ̀pẹ ló wà nínú rẹ̀. Igi ọ̀pẹ, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni orírun rẹ̀. Ní 1848, irúgbìn mẹ́rin péré ni wọ́n gbìn sí ọgbà Bogor ní erékùṣù Java, inú rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ oko ọ̀pẹ ilẹ̀ Éṣíà ti jáde. Bẹ́ẹ̀, Òkìtìpupa tí à ń sọ yìí, oko ọ̀pẹ àti iléeṣẹ́ epo ló sọ ọ́ di olókìkí. Ẹlẹ́pọ wá ń ra epo lọ́wọ́ ẹni tó gba irúgbìn lọ!

Ti gbágùúdá náà tún wà níbẹ̀. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tó ń jẹ púpurú, ṣé a lè ní kò ní gbágùúdá? Búrẹ́dì nílò okun àlìkámà kó tó wú, àmọ́ kéèkì kò nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ IITA n'Íbàdàn ti fi hàn pé a lè fi ìyẹ̀fun gbágùúdá nìkan ṣe é. Mo bi Màmá bóyá wọ́n ti dán an wò. Wọ́n ní àwọn ti ṣe é fún ọjọ́ ìbí, ó dùn, àmọ́ kò tíì sí ìyá ìyàwó tó máa gbọ́ pé gbágùúdá ni kéèkì ọmọ òun, tí kò ní bínú. Èmi rò pé àwa oníyàwó ló kù ká yí ọkàn padà, torí òkè tí fúláwà ń gùn kò tíì tán.

Kó tó di ọjọ́ náà, ìwọ̀nba ni ẹ̀bẹ̀ mi. Bí ẹ bá ní ìgbéyàwó ní Desẹ́ńbà yìí, ẹ lọ bá oníkéèkì yín ní kíá, ẹ sì san owó tó kù kí Sátidé tó pé. Ẹni tó bá gba kéèkì tán tó ní òun á padà wá san án lẹ́yìn àríyá, Màmá ní àwọn ṣì ń retí irú wọn láti Àjíǹde tó kọjá.