Bitter Experience: Àwo Àkọ́kọ́ Yínká Ayéfẹ́lẹ́ àti Bí Àwọn Ènìyàn Ṣe Gbà Á

Bitter Experience ni orúkọ àwo orin àkọ́kọ́ tí Yínká Ayéfẹ́lẹ́, olórin tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Challenge nílùú Ìbàdàn, gbé jáde ní ọdún 1998. Orí kásẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nítorí pé kásẹ́ẹ̀tì ló gbòde nígbà náà. Túngbá ni wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀, ìyẹn ẹ̀ka jùjú kan tí gángan, jìtá àti dùrù alátẹ̀ ti ń bá ara wọn rìn, tí ìlù rẹ̀ yá ju ti jùjú àtijọ́ lọ, tí ọ̀rọ̀ ẹnu akọrin sì máa ń dá lórí ọpẹ́, àdúrà àti ìyìn Ọlọ́run.

Ìpótì-Èkìtì ni wọ́n ti bí Ayéfẹ́lẹ́ ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kejì, ọdún 1968. Kí ó tó di olórin, ó ń bá rédíò ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn ṣiṣẹ́ láìjẹ́ òṣìṣẹ́ olówó oṣù, níbi tí ó ti ń ṣe àwọn orin kúkúrú tí wọ́n fi ń polówó ọjà tàbí kéde ètò. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ohun kékeré nínú ìtàn àwo náà, nítorí ẹni tí ó ti mọ bí a ṣe ń mú etí olùgbọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan kò ní í ṣòro fún láti mú un fún odindi ojú kásẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1997, ìjàm̀bá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí i, ó pa á lára ní ọ̀pá ẹ̀yìn, láti ìgbà náà ni ó sì ti ń lo àga onítáyà. Oṣù mẹ́sàn-án ni ó lò ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá nílùú Ìbàdàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, Kọ́lá Olóòtú, ti wá bẹ̀ ẹ́ wò, tí ó sì gbà á níyànjú pé kí ó dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀, kí ó sì gbé àwo jáde.

Àwọn olórin jùjú ti máa ń kọrin ìdárò fún ẹni tí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀ sí tàbí ẹni tí ó bá kú, ṣùgbọ́n nínú àwo yìí, ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí gan-an ni ó ń ro ẹjọ́ ara rẹ̀, tí ó sì ń sọ ọ́ di ọpẹ́. Àánú wà lára ohun tí ó mú kí àwọn ènìyàn rà á, kò sí àní-àní. Síbẹ̀ àánú nìkan kọ́, nítorí àánú kì í mú èèyàn jó. Bí àwọn ọlọ́jà kásẹ́ẹ̀tì ti ń gbé orin sí gbohùngbohùn níwájú ṣọ́ọ̀bù ni àwọn awakọ̀ ń gbé e sínú ọkọ̀, kò sì pẹ́ tí àwọn olóde aríyá bẹ̀rẹ̀ sí í pe olórin náà fúnra rẹ̀. Lójú agbo, orí àga rẹ̀ ni ó máa ń jókòó sí tí yóò máa kọrin, tí ẹgbẹ́ rẹ̀, Merrymakers, yóò dúró yí i ká, tí àwọn tí ń náwó yóò sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ọwọ́ wọn lè tó iwájú orí rẹ̀.

Lóde òní, a ti ń fi iye ka bí orin ṣe tà: nígbà tí ẹgbẹ́ BTS ti ilẹ̀ Kòríà gbé Dynamite jáde ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹjọ, ọdún 2020, àtẹ Billboard ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi í sí ipò kìíní láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìbàdàn ọdún 1998 kò ní irú àtẹ bẹ́ẹ̀, òde ìnáwó ni òṣùwọ̀n, ẹni tí wọn kò bá sì pè mọ́ ti mọ̀ pé àwo òun ti kú.

Awuyewuye kò ṣàì wà lórí túngbá. Àwọn onígbàgbọ́ kan gbà pé kò yẹ kí orúkọ Ọlọ́run máa jáde níbi tí ọtí ti ń ṣàn, tí a sì ti ń ki olówó. Àwọn mìíràn ń tọ́ka sí Sáàmù 150, níbi tí ìlù àti ijó wà nínú ìyìn. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀yìn yìí ló sún mọ́ òótọ́ jù, nítorí ìdúpẹ́ ìsìnkú àti ìsọmọlórúkọ láàárín àwọn Kristẹni Yorùbá kì í parí sínú ṣọ́ọ̀ṣì, òde ni wọ́n ti ń parí rẹ̀.

Sweet Experience ló tẹ̀ lé Bitter Experience ní ọdún 1999, àwo mìíràn sì tẹ̀ lé ìyẹn. Nínú èrè iṣẹ́ orin yìí ni Ayéfẹ́lẹ́ ti kọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀, Music House, sí Challenge, níbi tí rédíò rẹ̀, Fresh FM 105.9, ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015. Ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 19, oṣù Kẹjọ, ọdún 2018, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wó apá kan ilé náà, wọ́n ní kò bá àṣẹ ìkọ́lé mu, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti wà ní kóòtù. Ariwo ta káàkiri, títí tí Gómìnà Abíọ́lá Ajímọ̀bi àti Ayéfẹ́lẹ́ fi pàdé, tí ìjọba sì gbà láti tún ibi tí wọ́n wó kọ́. Fresh FM ti ní ẹ̀ka ní Adó-Èkìtì àti Abẹ́òkúta báyìí.