Ìbúra àti Owó Ítálì ní Ìlú Ìbíní

Ní ọdún 1985, náírà kan ṣì tó dọ́là kan. Kí ọdún 1986 tó parí, lẹ́yìn tí ìjọba gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé kalẹ̀, dọ́là kan ti ju náírà mẹ́ta lọ. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ Ìbíní ti ń wọ́ lọ sí Ítálì. Àwọn mìíràn ń já tòmátì lóko olóko; líra díẹ̀ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ a di owó ńlá nílé.

Ojú àwọn tí ó tẹ̀lé wọn rí màbo. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni a mú búra níwájú òrìṣà pé wọn yóò san gbèsè ìrìn àjò, èyí tí ó lè ju 30,000 yúrò lọ. Iṣẹ́ aṣẹ́wó ni wọ́n fi ń san án. Ẹni tí ń rí owó lójoojúmọ́ kò wá ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, nítorí màdáámù ni ó ni ín, fún ọdún méjì, mẹ́ta, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí gbèsè bá tán ni owó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di tirẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé àwọn kan a tún fi owó náà mú ọmọ ẹlòmíràn wá.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì pe àwọn olórìṣà jọ sí ààfin, ó tú gbogbo ìbúra bẹ́ẹ̀, ó sì gégùn-ún fún ẹni tí ó bá tún ṣe é. Nígbà tí ìròyìn náà dé Yúróòpù, àwọn obìnrin kan kọ̀ láti san ìyókù gbèsè wọn.