The Source (àwo orin, 2017)

Àwo orin jáàsì tí ohun èlò orin jẹ gàba lé lórí ni, èyí tí Tony Allen, ògbóǹtarìgì onílù tí a bí ní Èkó ní 1940, tí ó sì ti lùlù fún Fẹlá nínú ẹgbẹ́ Africa '70, ṣe fún ilé iṣẹ́ Blue Note. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà: òun àti Yann Jankielewicz, afọnfèrè saxophone, ni wọ́n jọ ṣètò àwọn orin náà, bí fèrè ti ń ké ni jìtá ń dá a lóhùn, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ Allen sì ń sọ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ìlù òyìnbó. Allen kú ní Paris ní 2020.