Ẹ̀sọ̀ tàbí Agbára? Ìtàn Ìwádìí lórí Eré Ìdárayá fún Àwọn Tí Àìsàn Ọlọ́jọ́pípẹ́ Ń Bá Jà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ó ti ju 70 ọdún lọ tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti ń ṣe àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ tí ó jọ èyí. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí àìlera ọkàn, ṣé kí ó dùbúlẹ̀ ni, ṣé kí ó máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ ni, tàbí kí ó fi agbára ṣe eré ìdárayá títí yóò fi máa mí hẹlẹhẹlẹ?

Ẹni tí ó bá dúró ní oríta Ìkọ̀tún ní òwúrọ̀ yóò rí ìpìlẹ̀ àríyànjiyàn náà lójú kòrókòró. Awakọ̀ dánfó ti jókòó sídìí ọkọ̀ láti ìdájí. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ rẹ̀ ń fò sókè, ó ń bọ́ sílẹ̀, ó ń pe Ẹ̀gbẹ́dá, ó ń pe Ìgándò. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń tọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ara wọn ń ṣe yàtọ̀. Irú àwọn méjì báyìí ni Jeremy Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò ní Lọ́ńdọ̀nù. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1953, wọ́n rí i pé àrùn ọkàn kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ tí ń gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì alájà méjì tó bí ó ti wọ́pọ̀ láàárín àwọn awakọ̀. Ní ayé ìgbà náà, orí ibùsùn ni wọ́n ń dá ẹni tí àrùn ọkàn bá kọlù dúró sí fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Nígbà tí Samuel Levine àti Bernard Lown dábàá ní Amẹ́ríkà ní 1952 pé kí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ máa jókòó lórí àga, ohun tuntun ni.

Láti orí pápá eré ìje ni ọ̀nà alágbára ti wá. Ní àwọn ọdún 1930, ní Freiburg ní ilẹ̀ Jámánì, olùkọ́ni Woldemar Gerschler àti oníṣègùn Herbert Reindell ń kọ́ àwọn sárésáré láti sáré kíkankíkan fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n sì tún sáré. Ẹni tí ó ti kọ ebè rí kò ní ṣe hàà sí èyí: àgbẹ̀ a ro díẹ̀, a na ẹ̀yìn, a tún gbé ọkọ́. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí àwọn oníṣègùn tó fi ọ̀nà náà lọ aláìsàn.

Ní 2007, Ulrik Wisløff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Trondheim, ní ilẹ̀ Nọ́wè, tẹ ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn ọkàn 27, tí ọjọ́ orí wọn tó 75 ní ìpíndọ́gba. Àwọn kan ń fi agbára rìn fún ìṣẹ́jú 4, wọn a sì dẹwọ́ fún ìṣẹ́jú 3, ní ìgbà 4. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, agbára ara wọn láti lo ọ́síjìn fi ìdá 46 nínú 100 pọ̀ sí i. Ti àwọn tí ń rìn pẹ̀lú ìwọ̀ntúnwọ̀nsì fi ìdá 14 pọ̀ sí i. Òkìkí ọ̀nà náà kàn. Ní 2012, ìròyìn mìíràn láti Nọ́wè lórí aláìsàn 4,846 fi hàn pé ewu rẹ̀ kéré níbi tí àwọn amòye bá ti ń mójú tó wọn. Ṣùgbọ́n ní 2017, ìwádìí lórí aláìsàn 261 ní ibùdó 9 ní Yúróòpù kò rí i pé ọ̀nà alágbára ta ọ̀nà ìwọ̀ntúnwọ̀nsì yọ. Ó lé ní ìdajì àwọn tí wọ́n yan agbára fún tí kò dé ìwọ̀n náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n yan ìwọ̀ntúnwọ̀nsì fún sì kọjá tiwọn.

Nàìjíríà kò sùn ní tirẹ̀. Ní 1966 ni ẹ̀kọ́ fisiotẹ́rápì bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1969, O. O. Akinkugbe, ọ̀gá onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn ará oko àti ará ìlú. Ní 2010, Sikiru Lamina tẹ ìwádìí tí ó ṣe ní Kánò jáde, lórí ọkùnrin 357 tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Láàárín ọ̀sẹ̀ 8, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ fún àwọn tí ń ṣe eré ìdárayá láìdúró, ó sì lọ sílẹ̀ fún àwọn tí ń ṣe é pẹ̀lú ìsinmi láàárín. Agbára tí wọ́n lò ní Kánò kò tó ti Trondheim. Síbẹ̀, ó ṣe iṣẹ́.

Kí ni èyí jẹ́ fún Alímọ̀ṣọ́, tí ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 1,277,714 sí? Wọ́n ti yẹ ọkàn àwọn ará Trondheim wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, amòye sì ń ṣọ́ wọn. Awakọ̀ Ìkọ̀tún tí kò tíì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí kò gbọdọ̀ fi eré àsápajúdé bẹ̀rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó máa lo oògùn tí wọ́n bá fún un, kí ó sì máa fi ẹsẹ̀ rìn. Bí oníṣègùn bá gbà á láàyè, kí ó fi agbára kún un díẹ̀díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka irú ìwádìí báyìí ní ìbéèrè mẹ́ta láti bi í: ta ni wọ́n yẹ̀ wò, mélòó ni wọ́n, ta ni ó ń mójú tó wọn?

Nígbà náà ni òwe àwọn àgbà yóò yé e. Ohun tí ó mú ọ̀nà tuntun yìí wúlò kì í ṣe agbára nìkan: ìṣẹ́jú mẹ́rin agbára kò dá dúró, ìṣẹ́jú mẹ́ta ẹ̀sọ̀ ni ó ń tẹ̀ lé e.