Fífi Gíga Igi Ńlá Hàn Nínú Fọ́tò

Fífi gíga igi ńlá hàn nínú fọ́tò ni iṣẹ́ tí ayàwòrán ń ṣe kí ẹni tí kò dé ìdí igi náà rí lè mọ bí ó ti ga tó. Iṣẹ́ tí ó le ni, nítorí pé àràbà tí ó ti gbó àti igi kékeré tí a gbìn lésìí lè gba àyè kan náà lórí fọ́tò, bí kò bá sí ohun tí ojú ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ní Òṣogbo Òròkí, ìlú aró, àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Owá, igbó Ọ̀ṣun ni ọ̀ràn yìí ti hàn jù lọ.

Ìtàn

Ní ọdún 1861, Carleton Watkins, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, gbé kámẹ́rà tí awo dígí rẹ̀ tó íńṣì 18 ní ìbú àti 22 ní gígùn wọ igbó Mariposa ní California, ó sì mú àwọn ọkùnrin dúró ní ìdí igi tí wọ́n ń pè ní Grizzly Giant, kí ènìyàn lè di òṣùwọ̀n igi. Ní 2009, Michael Nichols so kámẹ́rà mọ́ okùn fún ìwé ìròyìn National Geographic, ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kan tí ó tó ẹsẹ̀ bàtà 300, ó sì so fọ́tò 84 pọ̀ di ẹyọ kan. Ní 2012 ó so 126 pọ̀ fún igi tí a ń pè ní President, tí àwọn tí ó gùn ún sì hàn láàárín ẹ̀ka rẹ̀.

Ní Òṣogbo, Susanne Wenger, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, tí ó dé Nàìjíríà ní 1950, ni òun pẹ̀lú àwọn olùsìn àti àwọn oníṣẹ́ ọnà jà kí a má gé igbó Ọ̀ṣun tán, títí ìjọba fi sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, tí wọ́n fi gbogbo hẹ́kítà 75 náà kún un ní 1992, tí UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní 2005. Bí kò bá sí ìjà yẹn, kì bá tí sí igi tí à bá yà. Síbẹ̀ ère àwọn oníṣẹ́ ọnà náà ni kámẹ́rà ń wá nínú igbó náà, tí igi fi ń di aṣọ ìkélé lẹ́yìn wọn. Àdánù ńlá sì ni, lójú ẹni tí ń kọ èyí.

Ọgbọ́n iṣẹ́ náà

Àwọn àgbà ní igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ṣùgbọ́n nínú igbó dídí, òkèèrè gan-an ni kò sí. Nítorí náà ni ayàwòrán ṣe ń sún mọ́ ìdí igi, tí ó ń gbé ojú kámẹ́rà sókè, tí igi a sì dà bí ohun tí ó fẹ́ ṣubú sẹ́yìn. Kámẹ́rà onípákó ayé àtijọ́ ní àtúnṣe fún èyí, nítorí a lè gbé lẹ́ǹsì rẹ̀ nìkan sókè kí ara kámẹ́rà dúró ṣánṣán. Kọ̀ǹpútà náà ń tún un ṣe lónìí, ṣùgbọ́n fífà ni ó ń fa orí igi gùn, ó sì lè purọ́ mọ́ gíga rẹ̀. Èyí tí ó sàn jù ni kí a wá ibi gíga tí ó kọjú sí igi. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà olókè, bí àwọn ìpele omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, fún ni ní irú àyè bẹ́ẹ̀ ju bèbè odò Ọ̀ṣun lọ.

Ibi tí ènìyàn dúró ni kókó gbogbo rẹ̀. Ìdí igi gan-an ni kí ó dúró sí, nítorí bí ó bá dúró ní agbedeméjì kámẹ́rà àti igi, yóò ga ní ìlọ́po méjì lójú fọ́tò, igi yóò sì dà bí ẹni pé ó pàdánù ìdajì gíga rẹ̀. Bí igi bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 150, tí ẹni tí ó dúró ní ìdí rẹ̀ ga ní 6, tí igi sì kún fọ́tò oní-íńṣì 10, ẹni náà kò ní tó ìdajì íńṣì. Àdìrẹ aláró Òṣogbo, bó ti wù kí ó lẹ́wà tó, yóò rì sínú òjìji igbó. Aṣọ funfun tí àwọn olùsìn Ọ̀ṣun ń wọ̀, tàbí aṣọ funfun tí a ń wé mọ́ ìrókò tí a ń bọ, ni ojú ń tètè rí. Kí ayàwòrán kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ń tọ́jú igbó, kí ó má sì mú ẹnikẹ́ni fẹ̀yìn ti igi òrìṣà.

Stephen Sprague, tí ó kọ̀wé ní 1978 lórí iṣẹ́ àwọn ayàwòrán Ìlá-Ọ̀ràngún, ṣàkíyèsí pé àwòrán àgbà nílẹ̀ wa a máa fi gbogbo ara hàn, ní ìkọjúsí kámẹ́rà. Irú ọ̀wọ̀ kan náà ni ó yẹ igi ńlá: kí a rí ìdí rẹ̀, kí a rí orí rẹ̀.

Oṣù kẹjọ ọdún, tí èrò ń wọ́ lọ sí ọdún Ọ̀ṣun, ni ewé ń dí, tí igi kan ń wọnú èkejì. Nígbà ọyẹ́, tí àràbà ti wọ́wé, kùrukùru a ya igi iwájú kúrò lára ti ẹ̀yìn.

Gíga àràbà

Àràbà ni baba, ẹni a bá lábà ni baba. Ṣùgbọ́n iye mítà tí baba yìí ga ni àwọn ìwé kò tíì fẹnu kò lé lórí. Àwọn kan dúró sí 60, àwọn mìíràn gbé e kọjá 70. Ó lè jẹ́ ilẹ̀ àti òjò ni ó fa ìyàtọ̀, ó sì lè jẹ́ pé ojú lásán ni a fi wọn àwọn kan; fọ́tò nìkan kò lè parí rẹ̀. Èyí tí a fi ohun èlò wọ̀n dájú ni igi mìíràn tí kì í ṣe àràbà, Entandrophragma excelsum kan lórí òkè Kilimanjaro, tí Andreas Hemp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ní 2016 pé ó ga ní mítà 81.5, èyí tí ó ga jù nínú àwọn igi tí ó jẹ́ ti Áfíríkà gan-an tí a tíì kọ sílẹ̀.

A ń bẹ ẹ̀yin ayàwòrán Òṣogbo àti Iléṣà pé kí ẹ máa kọ orúkọ igi, ọjọ́, àti gíga ẹni tí ó dúró ní ìdí rẹ̀ sẹ́yìn fọ́tò, nítorí bí igi náà bá wó, èyí ni àwọn ọmọ wa yóò fi ṣírò gíga rẹ̀.