Ajá Kì í Ṣe Ẹlẹ́rìí: Ìtàn Bí Òfin Ṣe Wọ Ilé Ìgbàtọ́jú Ajá 🧵

1/ Ẹ fara balẹ̀, ìtàn yìí gùn díẹ̀. Oṣù kẹfà ọdún 2014, ní ìlú Gilbert, ìpínlẹ̀ Arizona, Amẹ́ríkà. Àwọn èèyàn ń lọ fún ìsinmi, wọ́n kó ajá wọn fún ilé kan tó ń bá èèyàn tọ́jú ajá. Wọ́n sanwó, wọ́n bá tiwọn lọ. Nígbà tó yá, wọ́n sọ fún àwọn kan lára wọn pé ajá wọn ti sá lọ.

2/ Irọ́ gbáà ni. Inú yàrá kékeré kan ni wọ́n kó àwọn ajá náà jọ sí mọ́jú, afẹ́fẹ́ tútù ò wọlé mọ́, ooru Arizona sì pa ajá tó lé ní 20. Yorùbá ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ti àwọn yìí yàtọ̀ o. Wọn ò sọnù rárá. Ẹni tí wọ́n fi wọ́n sí lọ́wọ́ ni ò ṣọ́ wọn.

3/ Nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Èkíní, ajá kú. Èkejì, wọ́n purọ́ fún olówó ajá. Tẹ́ ẹ bá wo ìtàn òfin dáadáa, èkíní ni òfin ti ń bá jà tipẹ́. Èkejì, ìyẹn kí ni ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó ni ajá, àìpẹ́ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe rí bẹ́ẹ̀.

4/ Ibi tẹ́ ẹ ò rò la ti máa bẹ̀rẹ̀: ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1703. Ọkùnrin kan, Bernard, bá ẹnì kan tó ń jẹ́ Coggs kó àgbá ọtí bráńdì láti yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan lọ sí òmíràn. Kò gba kọ́bọ̀. Àmọ́ ó jáfara, àgbá kan fọ́, ọtí dà nù. Coggs pè é lẹ́jọ́. Adájọ́ àgbà John Holt àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Coggs láre: bí o ò bá tiẹ̀ gbowó, tó o bá ti gba ẹrù ẹlẹ́rù sọ́wọ́, ọ̀ràn ìṣọ́ra ti dé ọrùn rẹ nìyẹn.

5/ Kí ló kan ajá nínú ọ̀rọ̀ ọtí? Ó kàn án gidi. Lójú òfin Gẹ̀ẹ́sì, àti ti Amẹ́ríkà tó ti inú rẹ̀ jáde, ẹrù ni ajá, ẹrù ni àgbá. Ẹni tó gba ajá tọ́jú ti di Bernard. Ìyẹn dáa, torí tó bá jáfara, ó jẹ̀bi. Àmọ́ ẹrù ní iye. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà títí dòní, iye tí ajá náà lè tà lọ́jà ni ilé ẹjọ́ ń kọ́kọ́ wò. Ajá arúgbó tí ò ní ìran kan pàtó, tó ti bá yín gbé láti ọdún 11, èló ni wọ́n máa rà á?

6/ Ó tún ku ibì kan. Àgbá tó fọ́, ẹ máa rí ọtí nílẹ̀. Ajá tí ajá ẹgbẹ́ rẹ̀ bù jẹ, irun lè bo ojú egbò. Kò lè sọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀, kò lè sọ ta ló wà níbẹ̀. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó wà ni ẹni tí wọ́n lè fẹ̀sùn kàn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà débẹ̀.

7/ Ó di ọdún 1963. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tó dá lé ilé tí wọ́n ti ń gba ajá àti ológbò tọ́jú, wọ́n pè é ní Animal Boarding Establishments Act. Ẹ ò gbọdọ̀ dá irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ mọ́ láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀.

8/ Kí ni òfin yẹn ní kí wọ́n yẹ̀ wò? Bí ilé ṣe tóbi tó, ooru, ìmọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́, ìmọ́tótó. Oúnjẹ, omi, ibùsùn. Kí wọ́n máa lọ wo ẹran náà lóòrèkóòrè. Kí àìsàn má ràn. Kí ọ̀nà wà láti gbà wọ́n là tí iná bá sọ. Kí ìwé àkọsílẹ̀ sì wà: irú ẹran wo ló dé, ọjọ́ wo ló dé, ọjọ́ wo ló lọ, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ni ín.

9/ Ó dáa gan-an fún ìgbà yẹn. Àmọ́ ẹ tún un kà. Ògiri wà níbẹ̀, oúnjẹ wà níbẹ̀, ìwé wà níbẹ̀. Orúkọ olówó ajá wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò sí gbólóhùn kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyẹn tó ní tí ajá bá fara pa, kí ẹ pe ẹni náà.

10/ Amẹ́ríkà ńkọ́? Ní 1965, wọ́n jí ajá kan gbé ní Pennsylvania. Pepper ni orúkọ rẹ̀, irú ajá funfun tó ní tóótòòtó dúdú lára. Nígbà tí àwọn tó ni ín máa fi tọpasẹ̀ rẹ̀, ó ti kú sí yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn kan ní New York. Oṣù kejì ọdún 1966, ìwé ìròyìn Life gbé àwòrán bí àwọn oníṣòwò ajá ṣe ń fìyà jẹ wọ́n jáde. Ará ìlú fárí gá.

11/ Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, Ààrẹ Lyndon Johnson buwọ́ lu òfin tí gbogbo èèyàn mọ̀ lónìí sí Animal Welfare Act. Òfin ńlá ni. Ṣùgbọ́n yàrá àyẹ̀wò àtàwọn tó ń tajá fún wọn ló wà fún. Ilé tẹ́ ẹ ń fi ajá yín sí tẹ́ ẹ bá rìnrìn àjò ò sí nínú rẹ̀. Wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ṣe òfin, àwọn kan ò ṣe nǹkan kan.

12/ Láàárín kan, àìsàn náà wá kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ní 1978, fáírọ́ọ̀sì parvo yọjú, ìgbẹ́ ọ̀rìn ẹlẹ́jẹ̀ ló ń fi pa ọmọ ajá, ó sì ká gbogbo ayé láàárín nǹkan bí ọdún méjì. Ní 2004, fulúù ẹṣin kọjá sára ajá eré ìje ní Florida. Ní 2015, fulúù mìíràn tó wá láti Éṣíà bẹ́ sílẹ̀ ní Chicago, ajá tó lé ní 1,000 ló ṣàìsàn. Ibi tí ajá ti ń pọ̀ jọ ló ti ń ràn jù. Ilé ìgbàtọ́jú tó bá pe àwọn oníbàárà rẹ̀ ní kíá, wọ́n á fi ajá wọn sílé. Èyí tó dákẹ́ torí owó, ó ń pín àìsàn kiri ni.

13/ Nígbà tí gbogbo èyí ń lọ, iṣẹ́ náà ti yí padà. Látijọ́, ajá kọ̀ọ̀kan ló ní àgò tirẹ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn ilé tó ń gba ajá láàárọ̀ tí wọ́n á wá mú un nírọ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní Amẹ́ríkà, bíi ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Ajá 10, ajá 20, wọ́n jọ ń ṣeré nínú gbọ̀ngán kan. Inú ajá ń dùn, inú olówó rẹ̀ ń dùn.

14/ Àmọ́ ewu tuntun dé. Ajá ńlá àti ajá kékeré jọ wà, eré lè di ìjà ní ìṣẹ́jú àáyá. Ẹnì kan ṣoṣo ò lè la ìjà ajá mẹ́ta. Ooru ńkọ́? Ajá kì í làágùn bíi tiwa, àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ló ti ń làágùn díẹ̀. Mímí hẹlẹ-hẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Tí yàrá bá há, tí èémí gbogbo wọn ti sọ afẹ́fẹ́ di ọ̀rinrin, mímí yẹn ò ràn án lọ́wọ́ mọ́. Àwọn onímú kúkúrú bíi bulldog àti pug ló tètè ń kàgbákò rẹ̀. Ẹ ti wá rí bí Gilbert ṣe ṣẹlẹ̀.

15/ Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2018, ìlànà tuntun rọ́pò òfin 1963 ní England. Ilé tí wọ́n ti ń gba ajá lójúmọmọ nìkan ti wọ inú rẹ̀ báyìí, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń gba ajá sínú ilé ara rẹ̀. Kí wọ́n tó gba ajá tuntun mọ́ àwọn yòókù, wọ́n gbọ́dọ̀ wò ó bóyá ẹ̀rù ajá mìíràn ń bà á. Ìwé ìyọ̀ǹda gbọ́dọ̀ wà, orúkọ dókítà ẹran rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, nọ́ńbà ẹni tí wọ́n máa pè ní pàjáwìrì gbọ́dọ̀ wà. Ìjọba ìbílẹ̀ tún ń fún wọn ní ìràwọ̀, láti 1 dé 5. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Peckham, ẹ lè ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ wọn hàn yín.

16/ Padà sí Amẹ́ríkà. Ọdún 2020, East Longmeadow, Massachusetts. Ọmọ ajá olóṣù méje kan tó ń jẹ́ Ollie lọ sí ilé ìgbàtọ́jú, àwọn ajá mìíràn ṣe é léṣe gidigidi. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ títí, àmọ́ lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, ó kú. Ẹni tó ni ín ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú pẹ̀lú rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi kan ilẹ̀kùn ìjọba.

17/ Oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, Gómìnà Maura Healey buwọ́ lu Òfin Ollie. Ó ní kí ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe ìlànà fún gbogbo ilé bẹ́ẹ̀: iye ajá tí òṣìṣẹ́ kan lè bójú tó, bí ẹgbẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ mọ, ètò tí iná bá sọ. Lẹ́yìn náà ló dé orí ohun tí 1963 fò dá: tí ajá tàbí èèyàn bá fara pa níbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó aláṣẹ létí, kí wọ́n sì ṣèwádìí. Wọn ò fi ẹ̀rí sílẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ nìkan mọ́.

18/ Láti 1703 dé 2024. Ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta ó lé, kí òfin ibì kan tó dé orí pé ẹni tó gba ajá ò gbọdọ̀ pa ẹnu mọ́. Ọ̀pọ̀ ibi ni kò tíì débẹ̀ o. Tí òfin ò bá bi wọ́n, ẹ̀yin lẹ máa bi wọ́n.

19/ Ẹ bi wọ́n báyìí: ajá mélòó ni ẹnì kan ń ṣọ́? Ta ló ń sùn tì wọ́n lóru? Tí iná bá lọ, kí ló ń fún yàrá ní afẹ́fẹ́? Ṣé kékeré àti ńlá jọ ń ṣeré? Ìgbà wo ni ẹ gba ìròyìn àìsàn kẹ́yìn, kí lẹ sì ṣe? Èyí tó ṣe pàtàkì jù: tí ajá mi bá fara pa ní agogo 10, agogo mélòó ni ẹ máa pè mí?

20/ Ẹni tó mọṣẹ́ ò ní bínú sí ìbéèrè yìí, á ti ní ìdáhùn nílẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹ̀rín bò ó, ẹ di okùn ajá yín mú, kẹ́ ẹ máa lọ. Tẹ́ ẹ bá sì mọ ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò lọ́sẹ̀ yìí tó ní ajá nílé, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i kó tó lọ.