Òṣùká Ẹ́ńjìnnì

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi sọ ìtàn ohun èlò kan tí ó fara pamọ́ sínú ọkọ̀ tí ń fúnra rẹ̀ pààrọ̀ jíà. Torque converter ni wọ́n ń pè é.

Nígbà tí mo wà nílé ní Ìlobù fún ìsinmi, ọ̀rẹ́ mi kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan lẹ́bàá ọ̀nà Òṣogbo. Ó ti gbọ́ pé àwọn tí ń fi ọkọ̀ díje ní Amẹ́ríkà a máa yọ ohun èlò yìí, wọn a sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ kí ọkọ̀ lè fò bí àṣá. Ó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún òun. Mẹkáníìkì náà kò dárúkọ owó. Ó ní, "Àbúrò, kí ni ẹrù ọkọ̀ yìí?" Ọ̀rẹ́ mi kò rí èsì fọ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí á bá a wá èsì nínú ìtàn.

Hermann Föttinger, ará Jámánì, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí ohun èlò yìí ní 1905. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń rò, kì í ṣe mọ́tò. Ẹ́ńjìnnì tuntun tí oru omi ń yí nígbà náà yára ju ohun tí ń ti ọkọ̀ nínú omi lọ, kò sì dára kí a so wọ́n pọ̀ ní tààrà. Föttinger wá fi ohun ṣíṣàn ṣe onílàjà láàárín wọn.

Ẹ wo fáànù méjì tí ó kọjú síra: bí èkíní bá ń fẹ́, èkejì yóò máa yí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú mọ́tò. Ẹ́ńjìnnì ń yí abẹ̀bẹ̀ kan, èyí ń da epo lu èkejì tí ó so mọ́ jíà. Abẹ̀bẹ̀ kékeré àárín sì ń darí epo tí ń padà bọ̀ kí ó lè ṣèrànwọ́. Nítorí ti àárín yìí, agbára tí ń dé ọ̀dọ̀ jíà nígbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí lè tó ìlọ́po méjì. Gbogbo rẹ̀ wà nínú irin róbótó tí ó rí bí òṣùká, iṣẹ́ òṣùká láàárín orí àti ẹrù ni ó sì ń ṣe.

Hydra-Matic tí General Motors gbé jáde ní 1939 kò ní abẹ̀bẹ̀ àárín. Dynaflow ti Buick ní i ní 1948. Ó tẹ́jú, ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Nítorí náà ni Buick ṣe mú kí abẹ̀bẹ̀ àárín lè yí ojú padà ní 1955, bí awakọ̀ bá fẹ́ sáré.

Ohun tí àwọn olùdíje ń wá nìyí. Ẹ́ńjìnnì tí a tún ṣe fún eré kì í lágbára títí yóò fi yí gidigidi. Bí a bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ tí a sì fún ẹ́ńjìnnì ní epo, ti ọkọ̀ ilé a máa dúró ní nǹkan bí ìyípo 2000 ní ìṣẹ́jú kan. Ti olùdíje lè dé 4000. Ṣùgbọ́n agbára tí ó bá yọ́ sínú epo jíà, ooru ni ó ń dà. Bí kò bá sí ohun tí yóò tu epo náà lára, yóò jó, jíà yóò sì kú.

Fún ọkọ̀ tí ń rìn lọ rìn bọ̀, ọ̀nà mìíràn ni àwọn onímọ̀ gbà. Packard ní 1949, àti Chrysler ní 1978, fi kílọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀ tí ń so abẹ̀bẹ̀ ńlá méjèèjì pọ̀ lójú eré, kí agbára má baà ṣòfò.

Ẹrù ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi ni iṣu àti èrò láti Ìlobù dé Ògbómọ̀ṣọ́. Epo jíà tuntun ni ó rà, ó sì padà sílé. Ẹ jẹ́ kí àwa tí ń yá ohun àjèjì lò máa bèèrè ẹrù kí á tó ká òṣùká.